Níbo ni kí ètò server tí a fọwọ́ ara wa gbé wọlé máa gbé? Ìfiwéra /usr/local, /opt, /home àti /srv

Bí apt tàbí dnf, àwọn irinṣẹ́ tí Linux fi ń gbé ètò wọlé, bá bá wa gbé ètò kan wọlé sórí server, kò sí ìpinnu kankan tí ó kù fún wa láti ṣe, nítorí pé àwọn tí ó pèsè ètò náà ti mọ ibi tí fáìlì kọ̀ọ̀kan yóò gbé. Ìpinnu máa ń bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ tí a bá fẹ́ gbé ètò tí apt kò mọ̀ wọlé: èyí tí a fọwọ́ ara wa kọ, èyí tí a kọ́ láti inú kóòdù nítorí pé ẹ̀dà tí ó wà nínú Debian (ọ̀kan lára àwọn oríṣi Linux) ti pẹ́ jù, tàbí èyí tí ilé-iṣẹ́ kan fi ránṣẹ́ sí wa nínú fáìlì .tar.gz.

Abẹ́òkúta ni mo ti ń ṣe iṣẹ́ yìí, mo ń tọ́jú server fún àwọn oníṣòwò àti ilé ẹ̀kọ́ láti Ìtòkú dé Ìbarà, ìbéèrè kan ṣoṣo ni mo sì fi ń ṣe ìpinnu náà: ta ni yóò yọ fáìlì yìí kúrò lọ́jọ́ iwájú, báwo ni yóò sì ṣe dá a mọ̀ láàárín àwọn yòókù? Ètò máa ń ṣiṣẹ́ níbikíbi tí a bá gbé e sí lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Ọjọ́ tí a bá fẹ́ fi ẹ̀dà tuntun rọ́pò rẹ̀, tàbí ọjọ́ tí ẹlòmíràn bá gba iṣẹ́ lọ́wọ́ wa, ni a máa ń mọ̀ bóyá a gbé e síbi tí ó yẹ.

Kí ọ̀rọ̀ lè ṣe é dì mú, mo fẹ́ kí a fi ètò kan ṣe àpẹẹrẹ jálẹ̀. Ẹ jẹ́ kí a pè é ní alaro. Ó ń ka iye àdìrẹ tí ó wà nínú ṣọ́ọ̀bù, ó ń gba ìbéèrè oníbàárà láti orí íntánẹ́ẹ̀tì, ó sì ń pa àkọsílẹ̀ ìsanwó mọ́. Ó ní fáìlì tí ń ṣiṣẹ́, ó ní láíbúrárì tirẹ̀, ó ní fáìlì ìṣètò, ó sì ní dátà tí ó ń pọ̀ sí i lójoojúmọ́.

Ibi tí kò sí lára ohun tí a ń yàn

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mú /usr/bin àti /usr/lib kúrò nílẹ̀. Ibẹ̀ jẹ́ ti apt lórí Debian àti Ubuntu, ó sì jẹ́ ti dnf lórí Fedora àti Red Hat. Bí ẹ bá da fáìlì yín sí ibẹ̀, apt kò mọ̀ ọ́n, kò sì ní bi yín léèrè kí ó tó gbé tirẹ̀ lé e lórí ní ọjọ́ tí ẹ bá ṣe `apt upgrade`. Àwọn tí ó ń lo Python ti jìyà ọ̀rọ̀ yìí tó bẹ́ẹ̀ tí Debian 12, tí ó jáde ní 2023, fi kọ̀ fún pip, irinṣẹ́ tí Python fi ń gbé ètò wọlé, láti gbé ohunkóhun sínú Python tí ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ ń lò. Ọ̀rọ̀ tí ẹ ó rí lójú ẹ̀rọ ni `externally-managed-environment`. Mo bẹ̀ yín, ẹ má ṣe fi `--break-system-packages` já ilẹ̀kùn náà. Ó ní ìdí tí wọ́n fi tì í.

/usr/local àti /opt

Àárín méjèèjì yìí ni iṣẹ́ wà. Ìwé ìlànà tí ó sọ ohun tí fódà kọ̀ọ̀kan wà fún ni wọ́n ń pè ní Filesystem Hierarchy Standard, FHS ní ìkékúrú. Ó bẹ̀rẹ̀ ní 1994 pẹ̀lú orúkọ FSSTND, ẹ̀dà 3.0 rẹ̀ sì jáde ní 2015 lábẹ́ Linux Foundation. Ohun tí ó sọ ni pé /usr/local wà fún ètò tí alábòójútó ẹ̀rọ fọwọ́ ara rẹ̀ gbé wọlé, tí ìmúdójúìwọ̀n ẹ̀rọ kò gbọdọ̀ gbé ohunkóhun lé lórí, àti pé /opt wà fún ètò àfikún, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn yóò ní fódà tirẹ̀ lódindi.

Lójú ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kà á, ọ̀kan náà ni méjèèjì. Ẹni tí ó bá mọ Abẹ́òkúta yóò tètè rí ìyàtọ̀ wọn. Nígbà tí àwọn Ẹ̀gbá dé abẹ́ Olúmọ ní 1830, àwọn ìlú tí ogun tú ká kò da ilé wọn pọ̀ mọ́ ara wọn: Ìtòkò dó sí tirẹ̀, Kémta dó sí tirẹ̀, Ìjemọ̀ dó sí tirẹ̀, olúkúlùkù pẹ̀lú orúkọ tí ó gbé bọ̀ àti àwọn olóyè rẹ̀. Títí di òní, orúkọ àdúgbò ti tó láti fi mọ ibi tí ìdílé kan ti ṣẹ̀. Bí /opt ṣe rí nìyẹn. /usr/local ní tirẹ̀ dà bí ọjà Ìtòkú, níbi tí àdìrẹ ẹni yìí ti fara kan ti ẹni yẹn. Ó rọrùn fún oníbàárà láti rí ohun gbogbo lójú kan, ṣùgbọ́n bí ilẹ̀ bá ṣú tí ìyá kan fẹ́ palẹ̀ ẹrù mọ́, òun nìkan ni ó mọ èyí tí í ṣe tirẹ̀.

Bí a bá gbé alaro sí /usr/local, fáìlì tí ń ṣiṣẹ́ yóò lọ sí /usr/local/bin, láíbúrárì rẹ̀ yóò lọ sí /usr/local/lib, fáìlì ìṣètò yóò lọ sí /usr/local/etc, ìwé ìtọ́nisọ́nà rẹ̀ yóò sì lọ sí /usr/local/share/man. Èrè rẹ̀ kò kéré. /usr/local/bin ti wà nínú PATH, àkójọ àwọn fódà tí ẹ̀rọ ti ń wá àṣẹ tí a bá tẹ̀, láti ìbẹ̀rẹ̀, sudo (àṣẹ tí a fi ń ṣiṣẹ́ pẹ̀lú agbára alábòójútó) lórí Debian náà mọ̀ ọ́n, àṣẹ `man` á sì rí ìwé rẹ̀ láìjẹ́ pé ẹ ṣe ohunkóhun. Ibẹ̀ náà ni `./configure` máa ń darí ètò sí bí ẹ kò bá fi `--prefix` yan ibòmíràn fún un. Fún ètò tí kò ju fáìlì kan tàbí méjì lọ, irú àwọn tí wọ́n fi èdè Go kọ tàbí ìwé àṣẹ kékeré tí ẹ fi ń ṣe àdàkọ dátà lóru, èmi kò rí ibi tí ó dára ju /usr/local/bin lọ. Ẹ kàn rántí pé cron, tí ó ń mú iṣẹ́ ṣiṣẹ́ ní àkókò tí a bá dá fún un, kì í wo PATH tí ẹ̀yin ń wò: lórí Debian, /usr/bin àti /bin nìkan ni iṣẹ́ tí aṣàmúlò fi sínú crontab rẹ̀ máa ń mọ̀, nítorí náà ẹ kọ ọ̀nà fáìlì náà tán pátápátá, láti /usr/local/bin dé orúkọ rẹ̀. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ilẹ̀ á mọ́, ẹ ó sì rí i pé kò sí àdàkọ kankan.

Wàhálà /usr/local bẹ̀rẹ̀ nígbà tí ètò náà bá tóbi. Wọ́n pè mí nígbà kan sí ṣọ́ọ̀bù kan ní ìtòsí Ìtòkú, níbi tí ẹni tí ó ń tọ́jú server wọn tẹ́lẹ̀ ti lọ sí ìlú mìíràn. Mo tẹ `redis-server --version` láti mọ ẹ̀dà Redis, ètò ìpamọ́ dátà tí wọ́n ń lò, ó dá mi lóhùn pẹ̀lú ẹ̀dà àtijọ́. Mo ti fi apt gbé ẹ̀dà tuntun wọlé ní ìdajì wákàtí sẹ́yìn, systemd, tí ó ń tan ètò tí ó sì ń pa á lórí Linux, sì ń sọ pé òun ti mú un ṣiṣẹ́. Mo tún un tẹ̀, ìdáhùn kan náà ni. Nígbà tí mo tẹ `type -a redis-server` ni ọ̀rọ̀ náà hàn: méjì ni wọ́n, ọ̀kan ní /usr/local/bin, èkejì ní /usr/bin, èyí tí ó wà ní /usr/local/bin ni ó sì ń kọ́kọ́ dáhùn, nítorí pé òun ni ó ṣáájú nínú PATH. Systemd ń mú ti /usr/bin ṣiṣẹ́, ọwọ́ tèmi ń pe ti àtijọ́. Mo bi dpkg, tí ó ń bá apt pa àkọsílẹ̀ fáìlì mọ́, pé ta ni ó ni ti àtijọ́ náà, ó ní òun kò mọ̀ ọ́n rí. Fódà kóòdù tí ǹ bá fi ṣe `make uninstall` ti di pípa rẹ́. Mo jókòó ti ẹ̀rọ náà títí iná ìjọba fi lọ tí a tan jẹnẹrétọ̀, mo ń fi `find /usr/local -type f` wo ọjọ́ tí wọ́n dá fáìlì kọ̀ọ̀kan, mo ń gbìyànjú láti mọ èyí tí ó bá èyí wá. Àwọn kan wà níbẹ̀ tí èmi kò lè sọ ètò tí wọ́n jẹ́ tirẹ̀, n kò sì láyà láti pa wọ́n rẹ́.

Àwọn tí ó ń kọ server ńláńlá fúnra wọn mọ ewu yìí. Ẹ wò ó: bí ẹ bá kọ́ nginx láti inú kóòdù láìyan ibì kan fún un, /usr/local/nginx ni yóò gbé gbogbo ẹrù rẹ̀ sí, Apache yóò lọ sí /usr/local/apache2, PostgreSQL sì yóò lọ sí /usr/local/pgsql. Inú /usr/local ni wọ́n wà lóòótọ́, síbẹ̀ olúkúlùkù mọ ọgbà yí ilé rẹ̀ ká. Ohun tí /opt ń ṣe gan-an nìyẹn.

Ẹni tí ó bá ṣì fẹ́ /usr/local nítorí PATH lè lo GNU Stow. Ẹ ó gbé ètò náà sí /usr/local/stow/alaro-2.3, ẹ ó wọ inú /usr/local/stow, ẹ ó sì tẹ `stow alaro-2.3`, Stow yóò ṣe ìtọ́ka (symlink) láti /usr/local/bin àti àwọn yòókù sí fáìlì tí ó wà nínú fódà náà. Bí ẹ bá fẹ́ yọ ọ́, `stow -D alaro-2.3` yóò kó gbogbo ìtọ́ka náà kúrò. Ó dára, mo sì ti lò ó. Fún ètò tí ó ń ṣiṣẹ́ tọ̀sán-tòru, /opt ni mo fi ọkàn tán jù.

Bí mo ṣe máa ń tò ó rèé. Kóòdù ẹ̀dà kọ̀ọ̀kan wà nínú fódà tirẹ̀, /opt/alaro/2.3 àti /opt/alaro/2.4. Ìtọ́ka kan tí mo ń pè ní /opt/alaro/isisiyi ń nawọ́ sí èyí tí ó ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́, fáìlì systemd tí mo kọ sínú /etc/systemd/system sì ń pe ìtọ́ka náà, kì í pe nọ́ńbà ẹ̀dà. Nígbà tí ẹ̀dà 2.4 bá wọlé tí ó sì ń ṣe ségesège, mo máa ń tẹ `ln -sfn 2.3 /opt/alaro/isisiyi`, lẹ́yìn náà `systemctl restart alaro`, a sì ti padà sí ibi tí a ti ń bọ̀ kí oníbàárà tó tún ojú ìwé náà ṣí lẹ́ẹ̀kejì. Nínú /usr/local, ẹ̀dà tuntun ti gùn lé ti àtijọ́. Láti padà sẹ́yìn, ẹ ní láti tún gbogbo rẹ̀ kọ́.

FHS kò fẹ́ kí a da dátà àti fáìlì ìṣètò sínú /opt. Fáìlì ìṣètò ń lọ sí /etc/opt/alaro, dátà tí ń yí padà sì ń lọ sí /var/opt/alaro. Ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í tẹ̀ lé e, wọ́n á da gbogbo rẹ̀ sínú /opt/alaro, àwọn ilé-iṣẹ́ tí ń ta ètò pàápàá ń ṣe bẹ́ẹ̀. Èmi gbà pé ìlànà náà tọ̀nà, ìdí mi sì ni pé fódà tí ó wà nínú /opt yẹ kí ó jẹ́ ohun tí a lè pa rẹ́ láìfòyà, kí a sì tún un gbé wọlé. Bí àkọsílẹ̀ ìsanwó oníbàárà bá wà nínú rẹ̀, `rm -r` kan ṣoṣo ti tó láti sọ ọjà oṣù mẹ́fà di àwátì.

Ohun kan tún wà tí mo rí i pé àwọn ọ̀dọ́ tí ń bá mi ṣiṣẹ́ máa ń gbójú fò. Aṣàmúlò tí ó ń mú ètò náà ṣiṣẹ́ kò gbọdọ̀ jẹ́ ẹni tí ó ni kóòdù náà. Mo máa ń dá aṣàmúlò kan tí kò ní ọ̀rọ̀ aṣínà sílẹ̀, orúkọ rẹ̀ náà ni alaro, mo sì máa ń fún un ní /var/opt/alaro nìkan. Root, aṣàmúlò tí ó ní gbogbo agbára lórí ẹ̀rọ, ni ó ni /opt/alaro, alaro lè kà á, kò lè kọ nǹkan sí i. Bí olè bá gba ojú ètò náà wọlé láti orí íntánẹ́ẹ̀tì, kò ní lè yí kóòdù tí yóò ṣiṣẹ́ lọ́la padà. Ẹ lè ṣe èyí nínú /usr/local pẹ̀lú, nítorí root ni ó ni ibẹ̀ náà, ṣùgbọ́n nínú /opt, àṣẹ `ls -l` kan ti fi gbogbo rẹ̀ hàn yín.

/opt ní àléébù tirẹ̀. Kò sí nínú PATH, nítorí náà ẹ ní láti ṣe ìtọ́ka láti /usr/local/bin sí àṣẹ kan tàbí méjì tí ènìyàn yóò máa tẹ̀. Ètò tí ó ní láíbúrárì tirẹ̀ nínú /opt kò ní rí i àfi bí a bá sọ fún un nígbà tí a ń kọ́ ọ, tàbí bí a bá kọ ọ̀nà rẹ̀ sínú /etc/ld.so.conf.d tí a sì tẹ `ldconfig`. Ní ti èyí, /usr/local náà kò fi bẹ́ẹ̀ sàn jù: Debian ń wo /usr/local/lib, ṣùgbọ́n Fedora àti Red Hat kì í wò ó láìjẹ́ pé ẹ sọ fún wọn. Fún Python, ẹ dá venv, fódà tí ó ya láíbúrárì Python ètò kan sọ́tọ̀, sí ibi tí yóò gbé títí láé, fún àpẹẹrẹ /opt/alaro/2.4/venv, nítorí pé ọ̀nà fódà náà máa ń di kíkọ sínú àwọn fáìlì rẹ̀, bí ẹ bá sì gbé e lọ sí ibòmíràn lẹ́yìn náà, yóò kọ̀ láti ṣiṣẹ́.

/home: fún ìdánwò nìkan

Ilé aṣàmúlò ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń bẹ̀rẹ̀, nítorí pé kò béèrè sudo. Mi ò bá ẹnikẹ́ni jà bí ó bá ń dán ètò wò níbẹ̀. Bí ètò náà bá ti di ohun tí àwọn ènìyàn gbẹ́kẹ̀ lé, ó yẹ kí ó kúrò níbẹ̀. Ní ilé ẹ̀kọ́ kan tí mo mọ̀, ojú ìwé tí àwọn òbí fi ń wo èsì ìdánwò wà nínú /home ẹni tí ó kọ ọ́. Ó fi iṣẹ́ sílẹ̀, wọ́n sì ṣe ohun tí ó tọ́ láti ṣe: wọ́n pa àkáǹtì rẹ̀ rẹ́ pẹ̀lú `userdel -r`. Àṣẹ náà kó gbogbo ilé rẹ̀ lọ, èsì àwọn ọmọ sì bá a lọ.

Yàtọ̀ sí èyí, systemd ní ètò ààbò kan tí ń jẹ́ `ProtectHome`. Bí a bá tàn án fún ètò kan, ètò náà kò ní rí /home rárá, àṣìṣe tí ó máa ń jáde kì í sì í sọ ìdí rẹ̀. Lórí Red Hat, SELinux, ètò ààbò mìíràn, pẹ̀lú máa ń bínú sí server tí ó bá ń ka fáìlì láti inú ilé ènìyàn. Ní ìlú tí iná ti ń lọ tí ó ń bọ̀ bí tiwa, ẹ tún fi èyí kún un: ètò tí ẹ fi `systemctl --user` mú ṣiṣẹ́ kò ní dìde nígbà tí ẹ̀rọ bá tún tàn, àfi bí ẹ bá wọlé sórí rẹ̀ fúnra yín tàbí tí ẹ ti tẹ `loginctl enable-linger` ṣáájú. Iná lè dé ní agogo méjì òru kí server sì tàn, kí ṣọ́ọ̀bù orí íntánẹ́ẹ̀tì wà ní títì títí ẹ ó fi jí.

Ó yẹ kí n sọ ọ́ pé ní ìbẹ̀rẹ̀ Unix, ètò ẹ̀rọ tí Linux fara jọ, nígbà tí Ken Thompson àti Dennis Ritchie ń ṣe é ní Bell Labs, inú /usr gan-an ni ilé àwọn aṣàmúlò wà. Ètò ni ó wá bá wọn gbé níbẹ̀, tí ó sì gba ilé náà mọ́ wọn lọ́wọ́.

/srv: dátà nìkan, kì í ṣe ètò

FHS fi /srv kún ìlànà náà ní ẹ̀dà 2.3, ní 2004. Ohun tí server ń pín fún àwọn ènìyàn ni ó wà fún: ojú ìwé, àwòrán, fáìlì tí ènìyàn lè gbà sílẹ̀. Àwòrán àdìrẹ tí alaro ń fi han oníbàárà lè gbé ní /srv/alaro, kóòdù alaro kò gbọdọ̀ débẹ̀. Bí ẹ bá ń ṣiyèméjì láàárín /srv àti /var/opt, ẹ bi ara yín bóyá ènìyàn ni ó ń wo fáìlì náà tàbí ètò nìkan ni ó ń lò ó. Fáìlì tí ètò nìkan ń lò, /var/opt ni ààyè rẹ̀.

Bí kò bá jẹ́ Linux

Ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ, bẹ́ẹ̀ sì ni ọ̀rọ̀ yìí rí, nítorí pé ohun tí mo sọ nípa /usr/local lè ṣì yín lọ́nà lórí àwọn Unix yòókù. Lórí FreeBSD, pkg àti ports, tí ó ń ṣe iṣẹ́ apt níbẹ̀, ni ó ni /usr/local. Gbogbo ètò tí kò bá ẹ̀rọ náà wá ni wọ́n ń kó sí ibẹ̀. Bí ẹ bá fọwọ́ ara yín da alaro síbẹ̀, ẹ ti ṣe ohun kan náà tí mo ní kí ẹ má ṣe ní /usr/bin lórí Debian. Lórí irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀, ẹ dá fódà /opt sílẹ̀ fúnra yín kí ẹ sì lò ó, tàbí kí ẹ sọ ètò yín di port, èyí tí ó gba àkókò díẹ̀ ṣùgbọ́n tí pkg yóò lè yọ kúrò nígbà tí ẹ bá fẹ́. OpenBSD pẹ̀lú ń kó àwọn ètò àfikún rẹ̀ sí /usr/local. NetBSD ya tirẹ̀ sọ́tọ̀ sí /usr/pkg, nítorí náà /usr/local ṣófo níbẹ̀ fún yín. Solaris ti ń lo /opt tipẹ́.

Ẹni tí ó bá ti pẹ́ lórí Linux kí ó tó dé FreeBSD yóò rí i pé ọwọ́ òun á máa sáré lọ sí /etc/nginx láti wá fáìlì ìṣètò. Inú /usr/local/etc/nginx ni yóò ti bá a, fáìlì tí ó ń mú un ṣiṣẹ́ sì wà nínú /usr/local/etc/rc.d.